Rábíù Ò Sọ Pé Ìyá Wa Kúnlẹ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ogun àwọn òyìnbó ń lọ lókè òkun, Lafiaji l'Ékòó là ń gbé. Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà á rántí òórùn àkàrà Ìyá Múní láàárọ̀, àti ẹ̀kọ gbígbóná tá a máa ń fi eyín bọ́ ewé ẹ̀. Iṣẹ́ èmi àti Rábíù, àbúrò mi, ni ká fi iyanrìn fọ amù ìyá wa ká tó pọnmi sí i. Tí inú amù bá ń yọ̀, a ó kúnlẹ̀, a ó nawọ́ sókè, Rábíù á sì máa ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Ìyá wa, Sàríyù, á ní, "Ẹkún kì í fọ amù o, ọkọ mi."

Wolé-wolé ni gbogbo wa ń bẹ̀rù. Lárínde lorúkọ tiwa. Á wá yọjú sínú amù, bóyá tanwíjí tó ń di ẹ̀fọn wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó mú ọ̀gá ṣọ́jà òyìnbó kan wá, àti ṣọ́jà méjì tí wọ́n dúdú bíi tiwa. Òyìnbó náà wọ ṣòkòtò péńpé, oòrùn ti pa orúnkún ẹ̀ pọ́n bí ata. Rábíù fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo bò ó lẹ́nu. Ọkùnrin náà ò bọ́ bàtà. Ó tẹ ẹní ìkírun bàbá wa mọ́lẹ̀, ó fi ọ̀pá ọwọ́ ẹ̀ lu amù, amù tí kò ní tanwíjí kankan, omi ṣàn dé ìdí àdògán. Ìyá wa dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Lárínde, sọ fún un pé orí ẹní ìkírun ló dúró sí. Kó kúrò níbẹ̀." Lárínde ò ṣe ògbufọ̀ ẹ̀. Torí pé ó dúró dojú kọ òyìnbó, wọ́n mú ìyá wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ọjọ́ méjì ló sùn síbẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Nígbà tó dé, ó fọ ẹní yẹn lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jẹun.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn tó ń ṣe fíìmù wá bá Rábíù. Ó sọ gbogbo ẹ̀, wọ́n gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀, mo jókòó tì í. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, Rábíù kú. Ojú mi ò tíì gbẹ tí ọmọ-ọmọ mi fi gbé fíìmù náà wá. Ẹ gbọ́ o: òyìnbó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà! Ó gbé ọmọdé sórí itan, ó fún un ní súìtì. Ṣọ́jà tó tẹ̀ lé e, òyìnbó ni gbogbo wọn. Obìnrin tó ṣe ìyá wa wá kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́ pé wọ́n gba òun lọ́wọ́ ibà. Níparí, wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà pé ẹnu Rábíù ni wọ́n ti gbọ́ ìtàn náà.

Inú bí mi. Ṣé Rábíù ló máa parọ́ mọ́ ìyá ẹ̀? Mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sí Ìkòyí, níbi iṣẹ́ àwọn tó ṣe fíìmù náà. Ọmọbìnrin tó ṣe fíìmù náà kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó gbé mínírà wá.

"Màmá, ẹ má bínú. Fíìmù ni, à ń fi nǹkan kún un kó lè dùn."

"Kó dùn mọ́ ta ni?"

"Àwọn tó fowó sí i, mà. Ìtàn ìrẹ́pọ̀ ni wọ́n fẹ́."

"Ẹ yọ orúkọ àbúrò mi kúrò."

Ó ní fíìmù náà ti jáde, orúkọ ẹ̀ ò ṣeé yọ mọ́. Mi ò fọwọ́ kan mínírà ẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, ọmọ tí wọ́n bá rán níṣẹ́, tó lọ yí i padà, wọ́n á fà á létí padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an. Á tún iṣẹ́ náà gbọ́, á wá lọ tún un jẹ́ bó ṣe wà. Mo jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí mo fi tèmi kún iṣẹ́ Ìyá Múní. Etí mi gbóná dalẹ́. Lónìí, ẹni tó yí iṣẹ́ padà ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ǹ bá fa ọmọ yẹn létí padà, bó ti wù kó gbọ́ òyìnbó tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó rán an ti wà nínú ilẹ̀. Ó wá ku èmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wo fíìmù náà, iṣẹ́ Rábíù ni mò ń jẹ́ fún yín yìí: dídúró ni Sàríyù dúró.