Àsíá Orí Ìsọ̀ Alálùbọ́sà

Mo ṣì ń rántí bí òórùn àlùbọ́sà ṣe dà pọ̀ mọ́ ti ẹ̀jẹ̀ lọ́jà Inísà. Wọ́n ti ṣá àgbẹ̀ kan pa lóko lọ́dún náà, a kò sì mọ ẹni tó ṣe é. Inú ń bí gbogbo wa. Kò pẹ́ tí àsíá Yorùbá fi gba iwájú ìsọ̀ kan dé èkejì, láti Ìkìrun títí dé Òkukù, torí a fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ilẹ̀ wa ní ẹni tó ni ín. Èmi aránṣọ ni mo rán èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọdé ń ṣe mí nígbà náà. Mo ń yan kiri bí ẹni pé ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló bí Odùduwà.

Ọkùnrin alálùbọ́sà tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi ní kí n rán ọ̀kan fún òun náà. Òkè Ọya ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Inísà ni wọ́n bí òun sí, kò sì sí òwe tí mo lè pa tí kò ní fi òmíràn lé e. Mo rán an, ó fi kọ́ iwájú ìsọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ọ̀dọ́ kan gun ọ̀kadà wọjà, tàwọn ti àsíá, tàwọn ti àdá àti pákó. Wọ́n ní ta ló fún Gàǹbàrí láṣẹ láti kọ́ àsíá àwọn, kó tú u kíá. Ó ní òun kò tú u. Bí pákó ṣe bà á lójú nìyẹn. Wọ́n fọ́ ìsọ̀, wọ́n da àlùbọ́sà sílẹ̀, wọ́n ń lù ú lórí, lẹ́yìn, níbi tí ọwọ́ bá ṣáà ti bà. Mo pariwo pé èmi ni mo rán an fún un. Ẹnì kan fi pẹlẹbẹ àdá gbá mi lẹ́nu, eyín mi kan yọ. Òmíràn ti ń yí táyà bọ̀, òórùn bẹntiróòlù sì ti gbalẹ̀.

Ìyá àgbà agbẹ̀bí tó ni ilé ẹ̀yìn ọjà ló jáde sí wọn nínú ẹ̀wù funfun Aládùúrà, láìwọ bàtà. Màmá jókòó sínú ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n gbé orí ọkùnrin náà lé itan.

“Ìdí igi ọsàn mi ni mo sin ìwọ́ eléyìí sí, ọwọ́ mi yìí ni mo sì fi sin ín. Ẹni tó bá ní kì í ṣe ọmọ Inísà, kó lọ hú u jáde.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà bẹ Màmá pé kí wọ́n dìde. Màmá wò ó.

“Ìwọ ńkọ́? Níbo ni wọ́n sin tìrẹ sí?”

 Ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn náà ń wolẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gun ọ̀kadà wọn, wọ́n lọ.

Ojú òsì ọkùnrin náà fọ́. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Nígbà tó gbádùn, ó gbé àsíá náà wá. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, ẹ̀jẹ̀ kò kúrò lára funfun rẹ̀, ó sì ti ya. Mo ní kí n rán tuntun. Ó ní rárá, kí n lẹ èyí. Mo ń lẹ̀ ẹ́, mo ń sunkún.

Ìyá àgbà ti lọ sọ́run báyìí. Èmi ṣì ń rán àsíá. Ṣùgbọ́n kí n tó gé aṣọ, mo máa ń bi ẹni tó wá rán an léèrè ibi tí wọ́n sin ìwọ́ rẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ wọn á fọwọ́ họrí, wọ́n á ní káwọn pe ìyá àwọn lórí fóònù ná. Mo máa ń ní kí wọ́n pè é. Alálùbọ́sà á jókòó sábẹ́ àsíá alábùlẹ̀ rẹ̀ lódìkejì, á máa fi ojú kan tó kù wò wá.