Àyè Mi Nínú Ọkọ̀ Ṣàbí

Bí mo bá gbé ìkòkò omi kúrò nílẹ̀ lónìí, tí òórùn ilẹ̀ tútù abẹ́ rẹ̀ fẹ́ sí mi nímú, ọwọ́ bàbá mi ni mo máa ń rí. Nílé wa ní Bantẹ̀, abẹ́ ìkòkò omi tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná la ti ń wa ekòló. Òórọ̀ Sátidé ni, oòrùn ò tíì yọ tán, àgbàlá ṣì tutù, àwọn adìyẹ ìyá mi á sì ti dúró tì wá bíi pé tiwọn là ń wa. Bàbá mi á máa fi igi ha ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èmi á di agolo tòmátì mú. Ekòló tó bá tóbi jù, á jù ú fún adìyẹ. Ó ní ekòló tó tóbi jù máa ń dẹ́rù ba ẹja. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Nígbà náà, gbogbo ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, òótọ́ ni lójú mi.

Olùkọ́ ni bàbá mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi sì mọ ohun tí Mẹ̀tírì jẹ́ nílùú nígbà tí a wà lọ́mọdé. Òun ló ń ka lẹ́tà fún àwọn arúgbó, òun ló ń jókòó níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó lérò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ á gbé ọ̀pá ìwọ̀ léjìká lọ sódò. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí wọ́n bí sídìí ẹja ló ń pẹja, kó lè rí jẹ. Bàbá mi ń pẹja nítorí pé ó wù ú. Bó bá mú èyí tó kéré, á dá a padà sómi, àwọn obìnrin tó ń fọṣọ létí odò á sì máa rẹ́rìn-ín pé Mẹ̀tírì tún ti dá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kó máa lọ sílé. Inú kì í bí i. Á ní kí wọ́n bá òun kí àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ náà.

Etí odò la ti máa ń pẹja. Ní ọdún tí mo bọ́ sí CM1, kíláàsì karùn-ún iléẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sọ pé a ó wọ inú omi gan-an, èmi àti òun, nínú ọkọ̀, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí odò sì padà sáyè rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Savalú, èmi nìkan ló kù nílé. N kò rò pé mo sùn dáadáa ní gbogbo ìsinmi ńlá yẹn.

Bàbá mi kì í kánjú yan nǹkan. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ," bó ṣe máa ń sọ nìyẹn, bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ odò, á fi tirẹ̀ kún un pé omi là ń wò ká tó yan ọkọ̀. Ó gbé mi sẹ́yìn alùpùpù lọ sí ọjà Savalú lọ́dọ̀ Àláàjì kan tó ń ta ìwọ̀ pẹ̀lú ìṣó àti àgádágodo. Èdè Maí ni Àláàjì ń bá àwọn oníbàárà yòókù sọ, Yorùbá ló ń bá wa sọ. Bàbá mi á mú ìwọ̀ kan, á fà á lórí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀. Èyí tó bá yọ̀ bọ̀rọ́, kò mú nìyẹn, á dá a padà sínú páálí. Èyí tó bá há díẹ̀ lórí èékánná, á gbé e fún mi kí n dì í mú. Nígbà tó kan okùn, ó so ó mọ́ òpó ìsọ̀, ó fà á títí Àláàjì fi bẹ̀ ẹ́ pé kó má wó ìsọ̀ lé òun lórí. Àláàjì ní ẹni tó ń wá ìyàwó kì í wò tó bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ní ìyẹn ló fà á tí ọ̀pọ̀ ìyàwó fi ń já lọ.

Ọ̀pá ìwọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gé ọparun, tó sì gbé e sábẹ́ òrùlé kó gbẹ. Méjì ló ṣe, gígùn kan fún ara rẹ̀, kúkurú kan fún mi. Ó fi òwú pupa we ibi tí ọwọ́ mi á ti máa dì í mú. Bàtà sílípáàsì mi tó ti já ló gé sí wẹ́wẹ́, ó so ìkan mọ́ okùn kó lè máa léfòó, kí n lè mọ̀ bí ẹja bá ti fọwọ́ kàn án. Mo máa ń gbé ọ̀pá náà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, láìsí omi, láìsí ẹja, mo kàn ń wo sílípáàsì mi lórí iyẹ̀pẹ̀.

Lẹ́yìn náà la lọ wá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Àgúà, létí igbó ìjọba, níbi tí alùpùpù ti ń fò bí ọmọ ewúrẹ́, tí eruku pupa sì kún irun mi. Ọkùnrin kan fi ọkọ̀ onípákó hàn wá, ó kùn ún ní ọ̀dà búlúù, ó dára lójú. Bàbá mi ní kí n bu omi wá, ó dà á sínú ọkọ̀ náà lórí ilẹ̀, a sì dúró. Kò pẹ́ tí omi fi ń yọ́ jáde lábẹ́ ọ̀dà búlúù. Ó ní ibi tí omi bá ti rí ọ̀nà jáde ló máa ń gbà wọlé. Síbẹ̀ ó bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè tó máa ń bi gbogbo atukọ̀: "Ibo lẹ ò lè gbé mi dé lójú odò yìí?" Ọkùnrin náà ní kò síbi tí òun ò lè gbé e dé. Bàbá mi dúpẹ́, ó kí i, a sì kúrò níbẹ̀.

Ṣàbí la tún bá nísàlẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, Ìṣà tó jinlẹ̀, èdè ìbílẹ̀ wa, ló ń sọ, ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìrókò kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́ nínú, ó dúdú, kò lẹ́wà rárá. Omi tí a dà sínú rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Nígbà tí bàbá mi bi í ní ìbéèrè yẹn, ó kọ́kọ́ wo ojú odò kó tó dáhùn. Ó ní òun kì í kọjá àpáta tó wà nísàlẹ̀, òun kì í lọ bí òjò bá rọ̀ lókè, òun kì í sì í gbé ju èèyàn mẹ́ta lọ, bí a bá ka òun náà mọ́ ọn. "Èèyàn mẹ́ta, Mẹ̀tírì. Ẹni kẹrin, omi ni." Bàbá mi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ṣàbí wá yíjú sí mi, ó ní kí n wọlé kí n jókòó, kí ara mi lè mọ ibẹ̀. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ọkọ̀ náà wà. Mo jókòó sáàárín, ó fọwọ́ lu igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Àyè rẹ nìyí." Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Mo mọ igi yẹn títí di òní, bó ṣe dán lábẹ́ itan mi, bó ṣe ń rùn bí ẹja gbígbẹ.

A dúró de odò. Òjò dáwọ́ dúró, iléẹ̀kọ́ wọlé, omi ń fà sẹ́yìn, ó sì ń mọ́. Nígbà tó yá, Ṣàbí ránṣẹ́ pé kí a máa bọ̀.

Òórọ̀ Sátidé náà, a ti wa ekòló tán, bàbá mi ń de ọ̀pá méjèèjì mọ́ ara alùpùpù, ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀ǹsípẹ́tọ̀ ni, ọ̀gá tó ń ti Savalú wá bẹ iléẹ̀kọ́ wò. Ó ti sùn mọ́jú nílùú nítorí iṣẹ́, ó sì ti gbọ́ pé Mẹ̀tírì ń lọ pẹja. Ó ní ó ti pẹ́ tó ti wu òun. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó rẹ́rìn-ín sí mi, n kò sì lè sọ títí di òní pé ó ṣe ohun búburú kankan. Bàbá mi ní àlejò wa ni wọ́n, kí wọ́n máa bọ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé wa, mo sì ń bojú wẹ̀yìn wò ó nínú eruku wa.

Nígbà tí a dé etí odò, Ṣàbí fojú ka orí wa, mẹ́rin ni wá. Bàbá mi wo ọkọ̀, ó wo omi. Ẹ̀ǹsípẹ́tọ̀ ti ń ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Gbogbo ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ mi mọ ohun tó kù. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé kì í dúró kí wọ́n tó ní kó dìde. "Ọmọdé tó mọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun," bàbá mi kì í fi ọ̀sẹ̀ kan kọjá láìsọ ọ́. Mo sún mọ́ ọn, mo ní, "Bàbá, kí Ọ̀gá wọlé. Èmi á dúró."

Ó wò mí pẹ́. Nǹkan kan kọjá lójú rẹ̀ tí n kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "O káre, ọmọ mi." Ẹ̀ǹsípẹ́tọ̀ yìn mí, ó ní irú ọmọ báyìí ṣọ̀wọ́n. Orí mi wú. Ó wú títí wọ́n fi ti ọkọ̀ sómi, tí Ẹ̀ǹsípẹ́tọ̀ jókòó sáàárín, tó sì na ọwọ́ sẹ́yìn pé kí wọ́n fún òun ní ọ̀pá. Kò mú ọ̀pá wá. Bàbá mi mú ọ̀pá kúkurú, ó gbé e fún un.

Mo jókòó lórí gbòǹgbò igi kan pẹ̀lú búrẹ́dì tí ìyá mi dì fún wa. Mo ń rí sílípáàsì mi lójú omi lọ́ọ̀ọ́kán. Mo rí i tó rì, mo gbọ́ bí Ẹ̀ǹsípẹ́tọ̀ ṣe kígbe, mo gbọ́ ẹ̀rín bàbá mi, ẹ̀rín tó máa ń rín níwájú àwọn ọ̀gá. Ó dùn mí débi pé n kò mọ ibi tí mo máa gbé e sí. Nígbà tí wọ́n padà dé, Ẹ̀ǹsípẹ́tọ̀ gbé àrọ̀ kan lé mi lọ́wọ́, ó ní tèmi ni. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Ìyá mi sè é. Mo ní inú ń run mí, n kò jẹ níbẹ̀. Nígbà tó gbọ́ bó ṣe lọ, kò pariwo. Ó ń ro ọkà lọ, ó sì sọ fún bàbá mi pé, "Ọmọ tó bá ṣípá nìyá ẹ̀ ń gbé. Èyí kì í ṣípá. Ẹ̀yin lẹ máa bẹ̀rẹ̀ gbé e." Bàbá mi ní kò burú, ó di Sátidé tó ń bọ̀.

Sátidé tó ń bọ̀, òkú ìbátan wa kan wà ní Gúkà. Èyí tó tẹ̀ lé e, òjò kan tí kò yẹ kó rọ̀ rọ̀ lókè, Ṣàbí sì kọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọyẹ́ dé, odò gbẹ débi pé àpáta yọ ẹ̀yìn síta, Ṣàbí sì da ojú ọkọ̀ rẹ̀ délẹ̀. Kí òjò mìíràn tó rọ̀, wọ́n ti fi bàbá mi ṣe dírẹ́tọ̀, ọ̀gá iléẹ̀kọ́, ní Jalúkú. Ìyá mi ní àrọ̀ yẹn ló so èso. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó há ọ̀pá méjèèjì mọ́ abẹ́ òrùlé, a kó ẹrù, a lọ. Ní Jalúkú, kò sí Sátidé tí kò sí ìpàdé. Èmi náà lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tí a tún gbúròó Ṣàbí, òkú rẹ̀ ni a gbọ́.

Kùtọnu ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Bí mo bá gba ìsinmi, mo máa ń pẹja, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì máa ń ní kí n bá àwọn yan ọkọ̀. Mo ń fa ìwọ̀ lórí èékánná. Mo ń da omi sínú ọkọ̀ lórí ilẹ̀. Mo ń bi atukọ̀ pé ibo ni kò lè gbé mi dé, n kò sì tíì ṣìnà rí. Bàbá mi kọ́ mi dáadáa. Àmọ́ bí èèyàn bá pọ̀ ju àyè lọ, nínú ọkọ̀ tàbí níbi iṣẹ́, ẹ máa gbọ́ ohùn mi pé kí ẹ máa lọ, èmi á dúró. Ipò kan wà níbi iṣẹ́ tí mo fẹ́, tó tọ́ sí mi, mo sì jẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ béèrè. Gbogbo èèyàn ló ń yin ìwà mi.

Mo lọ kí bàbá mi láìpẹ́ yìí. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sílé wa ní Bantẹ̀, ìyá mi kò sí mọ́, eékún rẹ̀ kò sì ká débi tó lè wọ ọkọ̀. Ó ní kí n bá òun mú ọ̀pá kúkurú sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ òrùlé. Òwú pupa ti ṣá. Ó gbé e lé itan, ó ń fọwọ́ pa á.

"Bẹnadẹ́tì," ó ní, "lọ́jọ́ yẹn, mo ń retí kí o sunkún. Ká ní o sunkún ni, ǹ bá rí nǹkan wí. Ǹ bá ní Ọ̀gá, ẹ má bínú, ọmọ ń sunkún, ẹ jẹ́ ká fi í sí ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n o dúró ṣinṣin."

Mo ní, "Ẹ yìn mí, Bàbá."

"Mo yìn ọ́," ó ní. "Ẹ̀rù Ọ̀gá ló ń bà mí."

Ilẹ̀ ń ṣú lọ, ẹ̀fọn ti dé, ó sì yẹ kó wọlé. Bàbá mi gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó ṣí apá méjèèjì sí mi bí ọmọdé, kí n gbé òun dìde. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣípá, bó tilẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ alẹ́. Èmi ni n kò tíì kọ́ ọ.