Àga Bàbá Bísí tí wọ́n pè ní ti òyìnbó

Bàbá Bísí, mo rí àga yín lónìí láàárín ẹrù àlòkù ní Igbodigo.

Èyí tí ẹ kàn lọ́dún òmìnira ni, tí àbúrò yín gbé nígbà tí ẹbí pín ẹrù yín lẹ́yìn ìsìnkú. N kò mọ ìgbà tó tà á.

Ọkùnrin tó ń tà á ní, "Màmá, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́. Òyìnbó ló ṣe é. Káfíńtà ibí ò lè kan irú èyí."

Mo dojú rẹ̀ dé. Ẹja kékeré tí ẹ máa ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ sábẹ́ àga ṣì wà níbẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Ó tún un sọ.

Mo rà á, mo rù ú wálé, n kò sọ fún un pé ọkọ mi ni òyìnbó náà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ ọkọ mi tí ẹ ń ka èyí, ṣé kí n padà lọ sọ fún ọkùnrin náà?