Jẹ̀dí Kọ́ Ló Ṣe É

Ẹ fa àga yín sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣe é.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní Abaji tí àwọn òbí wa ti wá ṣòwò aṣọ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọkùnrin kan wà nílé kejì sí tiwa. A jọ ń lọ ilé ìwé ni. Lọ́jọ́ kan, a hú ẹ̀pà olóko, a jẹ ẹ́ yó ní tútù, a tún mu omi odò lé e. Ikùn tirẹ̀ gbà á, tèmi kọ̀ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, orí ìlà la wà, níwájú gbogbo ilé ìwé, tí ìgbẹ́ gbuuru fi tú sí mi ní ṣòkòtò. Ta ló kọ́kọ́ pariwo? Òun náà ni. "Kai! Ẹ wo Gbuuru!" Orúkọ tí mo ń jẹ́ nìyẹn títí mo fi kúrò ní Abaji.

Ṣé ẹ rò pé ó gbàgbé? A dàgbà, a di òṣìṣẹ́ ìjọba, a tún di aládùúgbò ní Wuye, ní Abuja níbí. Òun ni alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Lọ́jọ́ tí àna mi, bàbá ọkọ ọmọ mi, bá mi wá sí ìpàdé, bí mo ṣe dìde láti sọ̀rọ̀ ni alága ní, "Gbuuru, rọra o, àga tuntun la kó síbẹ̀ yẹn!" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àna mi náà rẹ́rìn-ín. Mo jókòó. Mo dì í sínú.

Ẹ̀jẹ̀ ríru wá mú àwa méjèèjì. Oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi dí mi nínú pa. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, n kò lè yàgbẹ́. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, oògùn yẹn máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o, dókítà máa pààrọ̀ ẹ̀." Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, ara tù mí.

Kò pẹ́ sígbà náà, alága kan ilẹ̀kùn mi, ó di ikùn mú. Oògùn àkọ́kọ́ tó dí mi nínú yẹn gan-an ló yọ lápò.

"Ọ̀rẹ́ mi, ọjọ́ karùn-ún rèé. Ikùn mi le bíi pákó. Àbí jẹ̀dí ni?"

Lọ́jọ́ yẹn, kò pè mí ní Gbuuru. Mo wo oògùn náà, mo dá a mọ̀ dáadáa. Mo ní, "Jẹ̀dí ni."

Ó dùn mọ́ mi, kí n má parọ́ fún yín. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò ó bó ṣe ń rìn lọ bí aboyún, mo ń rẹ́rìn-ín. Ó lọ ra àgbo jẹ̀dí ní gáréèjì Jabi. Alágbo ní kò gbọdọ̀ lo oògùn òyìnbó mọ́ ọn, ló bá pa oògùn tì. Ló bá yàgbẹ́, ikùn rọ̀. Kò síbi tí kò ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Oṣù kan gbáko ló fi mu àgbo, kò padà sídìí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló ṣubú ní balùwẹ̀, apá kan ara ẹ̀ kú. Kò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà.

Láyé ọjọ́un, bí inú bá run àgbà kan, gbogbo agboolé ló máa gbọ́. Ẹni mẹ́wàá á mú ìmọ̀ràn mẹ́wàá wá, irọ́ ẹnì kan kò lè dá pa á. Lónìí, kálukú ti ilẹ̀kùn mọ́rí ní Abuja yìí. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló kàn, tèmi.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló jogún ilé. Èmi ni wọ́n fi ṣe alága. Ìyàwó rẹ̀ sì gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru wá fún mi. Ó ní ọkọ òun ló sọ, kí ohùn rẹ̀ tó lọ, pé kí wọ́n gbé e fún ẹni tó gba òun nímọ̀ràn rere.

Àràárọ̀ ni mo máa ń so ó mọ́ apá. Ó máa ń fún mi pinpin, kì í tètè tú.