Ìdin Tí Kò Gbààwẹ̀

Tòyíbàt ọmọ Bákàrè kò bẹ̀rù ìdin. Láti kékeré ló ti ń rí akokono lọ́jà Kejetia, ìdin funfun ọlọ́ràá tó ń gbé inú igi ọ̀pẹ. Àwọn kan ń dín in jẹ. Àwọn àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ ní Moshie Zongo, àdúgbò tí wọ́n bí i sí, kì í jẹ ẹ́. Òun náà kì í jẹ ẹ́. Ẹ̀kọ́ ló ń fi í ṣe ní yunifásítì.

Ohun tó ń wá kò ṣòroó sọ. Bí ebi bá pa ìdin, ara rẹ̀ a máa jẹ ara rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn yàrá wẹ́wẹ́ tí a fi kọ́ gbogbo ara, á kó ohun tó ti gbó nínú rẹ̀ jọ, á tú u palẹ̀, á sì fi èyí tó wúlò níbẹ̀ gbé ẹ̀mí ró. Ṣùgbọ́n kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Àmì kékeré kan ń lẹ̀ mọ́ purotéènì tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí àmì bá wà lára rẹ̀, iṣẹ́ dúró. Bí àmì bá kúrò, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Baba rẹ̀, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù ní Suame Magazine, ló yé jù nínú ilé.

"Bíi ti ọkọ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa ni," ni Bákàrè wí. "Èyí tí a bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé sí gíláàsì rẹ̀, ẹni tó ni ín ń bọ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ tú u. Nu ṣọ́ọ̀kì yẹn kúrò, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ́ńjìnnì ti lọ."

"Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn, Bàbá. Ta ló ń nu ṣọ́ọ̀kì?"

"Ebi ni. Àwọn fítà tó ń tú ọkọ̀ lọ́dọ̀ wa náà, ebi ló ń mú wọn nu ún."

Tòyíbàt gbọ́dọ̀ febi pa àwọn ìdin kan, kó fún àwọn yòókù ní ìrèké, kó wá yẹ ọ̀rá ara wọn wò. Nínú fọ́tò tí ẹ̀rọ yunifásítì ń yà fún ọ̀rá náà, àmì yẹn máa ń hàn bí ìlà dúdú. Ìlà àwọn tó yó yẹ kó nípọn. Ti àwọn tí ebi ń pa yẹ kó parẹ́. Kò parẹ́. Ó pààrọ̀ àwọn oògùn tó ń lò, ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ìlà méjèèjì dúdú bákan náà, àfi bí ẹni pé ebi kò pa ìdin kankan rí.

Dókítà Adomako, ọ̀gá tó ń tọ́ ọ sọ́nà, na fọ́tò náà sí i.

"Tòyíbàt, adɛn? Kí ló dé? Ṣé ọwọ́ rẹ ni kò mọ́ ni, àbí ọkàn rẹ ni kò sí níbẹ̀? Bí sáà yìí bá parí tí n kò rí ìyàtọ̀, màá gbé iṣẹ́ yìí fún ẹlòmíràn."

"Mo ti gbọ́, sà."

Orí rẹ̀ ń gbóná dé ilé.

Ilé ni àwọn ìdin wà. Yàrá tí wọ́n fún un níléèwé gbóná, iná ń lọ, ìdin ń kú. Yàrá tó tutù jù tó mọ̀ ni ti ìyá baba rẹ̀, Àlhájà Bàráká, tí gbogbo agboolé ń pè ní Kàká, bí àwọn Hausa ti ń pe ìyá àgbà. Yàrá alámọ̀ ni, ògiri rẹ̀ nípọn. Kàká ní kí wọ́n kó àwọn àpótí náà sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun. Ìdin yìí máa ń dún tó bá ń jẹun, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí eku tó ń họ páálí. Kàká ní ó ń bá òun sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ náà, wọn ò tíì pe ìrun alaasari tí Tòyíbàt fi wọlé. Kàká jókòó lórí ẹní, ó ń fa tẹ̀súbáà. Tòyíbàt dẹtí sí àpótí àwọn tó yó. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ó dẹtí sí ti àwọn tí ebi ń pa.

Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́.

Ó ṣí i. Ìrèké tútù ló wà níbẹ̀.

"Kàká!"

"Má pariwo mọ́ mi."

"Ta ló fún àwọn wọ̀nyí ní ìrèké?"

"Ta ló tún ń gbé yàrá yìí?"

Tòyíbàt kúnlẹ̀. Ó fa ègé ìrèké kan jáde nínú àpótí. "Kàká, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fún wọn lóúnjẹ."

"O bẹ̀ mí. Mo sì rò pé o gbàgbé Ọlọ́run ni. Obìnrin kan ti ológbò mọ́lé, kò bọ́ ọ, kò sì jẹ́ kó jáde lọ wá jẹ. Iná ọ̀run ló wọ̀, Ànábì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí n máa sùn ti iná ni?"

"Ìdin ni, Kàká, kì í ṣe ológbò!"

"Èwo nínú wọn ni kò lẹ́nu?"

"A ṣáà máa pa wọ́n ni."

"Ẹ pa wọ́n. Àgbò Iléyá ńkọ́? Baba rẹ kì í fún un lómi kó tó dá a dùbúlẹ̀? Ohun tí a máa pa, a kì í pa á tebitebi."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo sáà mi lẹ bà jẹ́?"

"Sáà tèmi náà ń lọ, mi ò sì febi pa ẹnikẹ́ni."

Tòyíbàt jáde sí àgbàlá. Kò lè jágbe mọ́ ìyá baba rẹ̀. Kò síbi tó lè kó wọn lọ: páànù ni ṣọ́ọ̀bù baba rẹ̀, wọ́n á jinná níbẹ̀. Ó jókòó títí ojú rẹ̀ fi gbẹ. Nígbà náà ló rántí ohun kan tó ti kà. Bí ìdin bá fẹ́ di kòkòrò abìyẹ́, òun fúnra rẹ̀ á ṣíwọ́ oúnjẹ, á fi èèhá, ìyẹn fọ́nrán ìrèké, wé ara rẹ̀, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara rẹ̀ palẹ̀. Ó padà wọlé.

"Kàká, èyí tó bá fúnra rẹ̀ kọ oúnjẹ ńkọ́?"

"Èyí tó bá gbààwẹ̀ tinú rẹ̀, kí ló kàn mí? Ṣùgbọ́n kí ìrèké wà níwájú rẹ̀."

Ó sọ òtítọ́ fún Dókítà Adomako. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín tí kò dénú. "Ìyá àgbà rẹ! Ei!" Ó gbé iṣẹ́ ebi fún Princess, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń dá gbé. Àwọn tó ń ṣíwọ́ oúnjẹ fúnra wọn ló fi sílẹ̀ fún Tòyíbàt. Kò sì sún ọjọ́ síwájú. Iṣẹ́ ebi ni Tòyíbàt fẹ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi da gbogbo ọ̀rá tó ti kó jọ nù, torí ara ìdin tó yó ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Báyìí, ó ń jókòó ti àpótí lójoojúmọ́, ó ń wo ìdin tó tóbi jù, bóyá yóò ṣíwọ́ oúnjẹ. Kàká gé ìrèké, ó tì í síwájú rẹ̀.

"Bísímílà," ló wí fún ìdin.

"Kàká, ẹ má rọ̀ ọ́ jẹun mọ́."

"Mi ò rọ̀ ọ́. Mo kàn gbé e kalẹ̀ ni."

Fóònù dún. Princess ló fi fọ́tò ránṣẹ́. Ìlà àwọn tó yó dúdú. Níbi tí ti àwọn tí ebi pa yẹ kó wà, kò sí nǹkan kan. Bí Tòyíbàt ti sọ látìbẹ̀rẹ̀ pé yóò rí ló rí gẹ́lẹ́.

"Kí lo rí tó o fi fajú ro?" ni Kàká bi í.

"Ohun tí mo wí ló rí bẹ́ẹ̀, Kàká."

"Ó yẹ kínú rẹ dùn nìyẹn."

Tòyíbàt fi fóònù sápò, ó dẹtí sí àpótí. Ìdin náà ń jẹun lọ.