Ọgọ́ta Èèyàn Lójúmọ́

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ló ń ya àwòrán títì ní ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ìlú wa. Ó ti lo ọdún mẹ́tàlélógún níbẹ̀. Rúlà onírin kan kì í kúrò lápò ẹ̀wù rẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń pè é ní Bàbá Rúlà, títí kan èmi náà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ń gbé lókè òkun, ó sì máa ń pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Ní ọ́fíìsì pàápàá, òun nìkan ló kù nínú yàrá àwòrán, torí kọ̀ǹpútà ni àwọn yòókù ń lò lókè.

Ilé rẹ̀ ló kẹ́yìn ní àdúgbò àtijọ́. Pápá gbalasa ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan la pápá náà kọjá, ó sì gba abẹ́ fèrèsé rẹ̀ kó tó já sí títì. Láràárọ̀, Bàbá Rúlà á gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á máa mu tíì, àwọn tó ń kọjá á sì máa kí i. Nọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń sọ pé, "Bàbá Rúlà, ẹ tún ti jí ṣáájú oòrùn!"

Òun náà á ní, "Èmi ni mo lọ jí i."

Ìyá mi sọ fún mi pé láwọn ọjọ́ mìíràn, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá èèyàn sọ látàárọ̀ dalẹ́ kò ju ìyẹn lọ.

Lọ́dún tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan ra pápá náà láti kọ́ igba ilé sí i. Nínú àwòrán tí wọ́n mú wá, gbogbo títì ibẹ̀ ló parí síbi ògiri. Kò sí èyí tó já sí àdúgbò àtijọ́. Wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ ni àwọn tó máa ra ilé ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìlú ní òfin kan. Bí ọ̀nà ẹsẹ̀ bá wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí, wọ́n á ka àwọn tó ń gbà á fún ọjọ́ márùn-ún. Bí wọ́n bá pé ọgọ́ta lójoojúmọ́, dandan ni kí títì gba ibẹ̀ já. Bí ọjọ́ kan péré bá dín, wọ́n lè dí i.

Bàbá Rúlà ni ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ ka èrò náà. "Ojú fèrèsé yín ṣáà ni. Ẹ ò tiẹ̀ ní wọ bàtà."

"Ó dáa, sà," ni Bàbá Rúlà wí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fẹ́ kí ọ̀nà náà wà.

Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí ẹnì kan bá kọjá, á fa ìlà kan sínú ìwé, á sì kọ aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ajá kan kọjá, mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Kò tíì forúkọ sílẹ̀ láti dìbò," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, èrò lé ní ọgọ́ta dáadáa. Lọ́jọ́ karùn-ún, òjò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kò sì dá. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kó pa ìwé dé. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn tó ti kọjá jẹ́ méjìdínlọ́gọ́ta. Bàbá Rúlà mú agbòòrùn. Ó rìn dé òdìkejì pápá, ó dúró díẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì rìn padà. Ó fa ìlà méjì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹnikẹ́ni ló lè wọlé, nítorí náà èmi àti ìyá mi jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Àwọn kánsílọ̀ méje wà nídìí tábìlì gígùn kan. Ọ̀kan lára wọn, obìnrin tó ti ṣe tíṣà rí, wọ awò ojú rẹ̀, ó sì ń ka ìwé Bàbá Rúlà láti ìlà dé ìlà.

"Bàbá, ọjọ́ tí òjò rọ̀ yìí, ọgọ́ta géérégé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Òjò tó wọ yàrá mi! Ta ló jáde?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Rúlà ní, "Mo mọ gbogbo wọn, mà."

"Àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí ńkọ́? Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, àti aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú méjì."

Bàbá Rúlà wolẹ̀. Mo fẹ́ kó parọ́, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

"Èmi ni, mà. Mo lọ, mo sì bọ̀."

"Níbo lẹ lọ?"

"Mi ò lọ síbì kankan, mà."

Kánsílọ̀ kan pariwo pé, "Ẹ̀yin nìkan, èrò méjì! Ká ní òjò yẹn tún pẹ́ díẹ̀ ni, ẹ̀yin nìkan ì bá kún ọjà!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe é?"

"Kò síbòmíràn téèyàn ń gbà kọjá lọ́dọ̀ mi, mà."

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé alága ní kó tún un sọ. "Kò sí nǹkan, sà," ló wí, ó sì jókòó.

Kánsílọ̀ mẹ́ta ní kí títì já. Mẹ́rin ní kí wọ́n dí i. Obìnrin náà wà lára àwọn mẹ́rin. Ó ní méjìdínlọ́gọ́ta kì í ṣe ọgọ́ta, ṣùgbọ́n kò wo ọ̀dọ̀ Bàbá Rúlà nígbà tó ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gbé àwòrán náà wá sórí tábìlì Bàbá Rúlà, kó fa ìlà ògiri sí i. Ó fà á. Ìyá mi bínú. "Bùrọ̀dá, ẹ ò lè sọ pé ẹ ò ṣe?"

"Ẹlòmíràn á fà á wọ́," ló fèsì.

Ògiri náà ga ju fèrèsé rẹ̀ lọ. Títì ńlá ni àwọn tó ń gba ibẹ̀ ń yí gbà báyìí. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ṣì ń gbé àga síbẹ̀ láràárọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń lọ sílé ìwé, mo rí i ní ibùdókọ̀ tó wà ní títì ńlá, tó wọ ẹ̀wù tó dáa. Kò sí ibi tó ń lọ. Obìnrin kan tó ń lọ aṣọ fún èèyàn, tó ti gba ojú fèrèsé rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, dúró, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Háà! Bàbá Rúlà! Ṣé bẹ́ ẹ ṣe ga tó nìyí? Orí àti èjìká nìkan ni mo mọ̀!"

Bàbá Rúlà rẹ́rìn-ín. Ó la ẹnu láti dá a lóhùn, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ti dé, obìnrin náà sì ti ń sáré. Ó dúró títí bọ́ọ̀sì fi lọ. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi.

"Mo ti rí ohun tí ǹ bá wí fún un."

Mo bi í pé kí ni.

"Ó di ọ̀la," ló wí, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.