Mẹkáníìkì mi ń fi ọkọ̀ mi kérò

Ọkọ̀ tó dúró gbé mi ní Lálúpọn lónìí, ọkọ̀ tèmi ni!

Mẹkáníìkì mi ló ń wà á, tó ń pariwo, "Ìwó Róòdù, ó ku ẹnì kan!"

Òun náà ló sọ láàárọ̀ pé, "Màmá, ẹ ní sùúrù. Ọkọ̀ yín ṣì ń gbóná, mo ṣì ń dán an wò ni."

Mo fi ìborùn bojú, mo wọ ẹ̀yìn.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ fi ń rú èéfín. Mẹkáníìkì dúró, ó yá kẹ́ẹ̀gì omi lọ́wọ́ ìyá onígàrí kan, ó rọ ọ́ sí i, ó dé bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Bó ṣe lọ dá kẹ́ẹ̀gì padà, mo bọ́ síwájú, mo fi kọ́kọ́rọ́ tó fi sílẹ̀ ṣáná sí ọkọ̀.

Èrò kan ní, "Dírẹ́bà ńkọ́?"

Mo ní, "Èmi nìyí," mo sì wa ọkọ̀ mi lọ.

Mẹkáníìkì ti ń pè mí lórí fóònù báyìí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí n gbé e, àbí kóun náà ní sùúrù, torí mo ṣì ń dán an wò?